Iye Tó Lọ, Iye Tó Bọ̀

Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì kékeré tó wà létí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ lọ pẹja lójú agbami. Ìwé náà tóbi, èèpo rẹ̀ ti gbó, àmọ́ ìlà méjì péré ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: "Iye tó lọ" àti "Iye tó bọ̀." Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Bàbá Atukọ̀ ti ń gbé èèyàn lọ sójú òkun, iye méjèèjì kò yàtọ̀ síra rí. Mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ ọ́, kò sì sí ohun mìíràn tó ń mú orí rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ọkọ̀ Bàbá padà dé. Méjì ló kọ síwèé láàárọ̀. Ọ̀kan ló bá a bọ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá bá Bàbá lórí ìjókòó sìmẹ́ńtì létí omi, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Fìlà kan àti bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yọ lójú omi kò ju ìyẹn lọ.

Obìnrin ni Ìnsípẹ́kítọ̀ náà. Jẹ́-n-wò-ó ni wọ́n ń pè é ní tésàn, torí pé bí o bá sáré wá sọ fún un pé ilé ń jó, ohun tó máa sọ náà ni pé, "Jẹ́ n wò ó ná." Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Ohun kan wà tí òun náà kò sọ fún wọn: kò dé ojú òkun rí. Ìlú tí wọ́n bí i sí jìnnà sómi. Odò tó tóbi jù níbẹ̀, ọmọdé lè ju òkúta sọdá rẹ̀.

Ontáyà ni ọkùnrin tó bá ọkọ̀ bọ̀. Ó ń ta táyà ní ìgboro, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni omi sì gbé lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń sunkún.

"Àwa méjì péré la háyà ọkọ̀ náà fún ìdajì ọjọ́, mà. Agbaṣẹ́ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi, ilé ló ń kọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ló yẹ kó fojú ba ilé ẹjọ́, nítorí ògiri ilé ìwé tó kọ́ tó wó pa èèyàn mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ fi ọkàn sinmi díẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà."

"Báwo ló ṣe ṣubú?"

"Atukọ̀ yẹn ni! Ó ṣàdédé yí ọkọ̀ bìrí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìdúró, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so aṣọ mọ́ ẹja tó pa ni. Kí n tó pajú pẹ́, ó ti wọ omi."

"Ẹja dà? Jẹ́ n wò ó."

Kúlà ńlá kan wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹja pupa méjì ló wà nínú rẹ̀ lórí yìnyín. Nínú ọkọ̀ Bàbá, oníkálùkù ló ní àwọ̀ aṣọ tiẹ̀ tó máa ń so mọ́ ìrù ẹja tó bá pa, kí wọ́n má baà jà sí i nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹja méjèèjì ní aṣọ pupa nírù, èkejì ní aṣọ búlúù. Irú kan náà ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Àmọ́ ojú ẹja aṣọ pupa ti yọ síta rọ̀mù, ikùn rẹ̀ wú, nǹkan kan tó dà bí àpò tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí sì yọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹja aṣọ búlúù ní tiẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ.

"Ta ló ni èwo?"

"Èmi ni mo ni pupa, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni búlúù."

"Ibì kan náà lẹ ti pa wọ́n?"

"Ibì kan náà ni, nínú agbami. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ fà á wá láti ìsàlẹ̀ ibú. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fà á. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn nìyẹn." Ó tún bú sẹ́kún.

Jẹ́-n-wò-ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì ní kó fọwọ́ sí i. Ontáyà fọwọ́ sí i. Ìnsípẹ́kítọ̀ wá ti kúlà náà pa, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí tésàn, kí wọ́n sì máa fi yìnyín kún un.

Wọ́n mú Bàbá lọ sí àhámọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá wọn jiyàn. Ó nawọ́ fún wọn kí wọ́n tó sọ pé kó nà án.

Ọmọ Bàbá, obìnrin, ló máa ń jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì, òun ló ń gba orúkọ àwọn tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, àmọ́ ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fa àga fún un.

"Wọ́n ní wọ́n máa gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, mà. Wọ́n ní ó máa lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n."

"Jẹ́ n kọ́kọ́ mọ bó ṣe jẹ́. Ta ló wá háyà ọkọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n yẹn, Agbaṣẹ́ṣe. Òun nìkan ló wá."

"Kí ló bi ẹ́?"

Ọmọbìnrin náà ka ìka. Ó bi í bóyá yàrá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí. Ó bi í bóyá àwọn lè gbé kúlà tiwọn dání. Ó bi í ibi tí ọkọ̀ ti máa ń rapo kó tó jáde. Ó sì ní òun kò fẹ́ òṣìṣẹ́ kankan nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí atukọ̀, pé òun fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Àwọn ìbéèrè yẹn ò burú," Jẹ́-n-wò-ó sọ.

"Wọn ò burú, mà. Èyí tí kò bi mí ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jókòó síbí. Olówó ni o, akọ̀wé ni o, ẹni tí ò mọ ìwọ̀ yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ ni o, gbogbo wọn ló máa ń bi mí pé, 'Ṣé a máa rí ẹja pa?' Òun ò bi mí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rapo kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí omi. Bàbá Elépo tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn bí kò ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ọkùnrin tó kú yẹn, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, àmọ́ ó ti bà mí nínú jẹ́! Nígbà tí èmi àti atukọ̀ ń rọ epo, ó yọjú láti inú ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti so kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ igi gbọọrọ báyìí kí wọ́n má baà máa gbé e lọ. Ó ṣì gbé e lọ! Ó ti gbé e lọ sísàlẹ̀ òkun. Láti àárọ̀ yìí ni mo ti ń lọ tọrọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò mi."

"Ẹ rí i nígbà tó padà wọ ọkọ̀?"

"Èmi? Ọwọ́ mi wà lára ọ̀pá epo, mà. Bí mo bá gbójú kúrò, gbogbo omi yìí á di epo."

Jẹ́-n-wò-ó rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀, ó sì forí lé tésàn.

Ó bá Bàbá níbi tó jókòó sí ní àhámọ́, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un ṣì wà bó ṣe wà.

"Bàbá, ṣé ẹ yí ọkọ̀ bìrí?"

"Mi ò yí i, mà. Àmọ́ kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo kọ méjì síwèé. Mi ò mú méjì bọ̀. Èmi ni mo pa á."

"Ẹ rí i nígbà tó ṣubú?"

"Mi ò rí i. Ìdákọ̀ró ò lè kanlẹ̀ nínú agbami. Atukọ̀ ló máa fi ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú, á kọjú sí ìgbì, ojú rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn. Ariwo àbúrò rẹ̀ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú, fìlà ni mo rí lójú omi. Mo bẹ́ sínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì lọ sísàlẹ̀, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti rapo tán, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fojú kan Agbaṣẹ́ṣe?"

Bàbá ronú, ẹnu yà á fúnra rẹ̀. "Mi ò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀ ní ó ń bì, pé ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀, ojú ń tì í, kí n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tá a dé agbami, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ti jáde, àwọn ti ń pẹja."

Jẹ́-n-wò-ó wá sọ fún un nípa ẹja méjèèjì, èyí tí ojú rẹ̀ yọ àti èyí tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ. Bàbá dìde dúró, ó di irin àhámọ́ mú.

"Ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ? Ṣó dá yín lójú? Kò lè rí bẹ́ẹ̀, mà. Bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín níbí, wọ́n á ní mò ń gba ara mi là. Ẹ lọ wò ó fúnra yín."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, oòrùn kò tíì yọ nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró níwájú tábìlì ọ́fíìsì. Ó ti fọwọ́ síwèé ní tésàn pé òun ló máa dáhùn fún Bàbá bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

"Mo fẹ́ háyà ọkọ̀ fún ìdajì ọjọ́," ló sọ fún ọmọbìnrin náà. "Èmi àti ọlọ́pàá kan. Bàbá ẹ ló máa tukọ̀."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó wo òkun láti ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àmọ́ ó béèrè láìmọ̀ pé òun fẹ́ béèrè: "Ṣé a máa rí ẹja pa?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ọlọ́pàá tó wá ṣọ́ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí wọ́n tó kúrò létí ilẹ̀, nítorí náà Bàbá ló wá ń ṣọ́ ọlọ́pàá. Ìnsípẹ́kítọ̀ di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú tọwọ́tọwọ́. Omi kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewéko. Ilé, òpó iná àti ilé epo bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, wọ́n kéré títí wọ́n fi di ìlà kan, ìlà náà sì pòórá. Lẹ́yìn wákàtí méjì, omi yí àwọ̀ padà lójijì, bí ẹni pé èèyàn fa ààlà sí i: ó di búlúù tó dúdú mọ́nú, tí kò ní òpin níwájú, tí kò ní òpin lẹ́yìn.

"A ti débẹ̀," Bàbá sọ. "Ẹ wo ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá gbé ilé alájà ogójì sọ síbí, òrùlé rẹ̀ ò ní hàn."

Jẹ́-n-wò-ó wo ìsàlẹ̀. Ìtànṣán oòrùn wọnú omi náà, ó lọ, ó lọ, kò kanlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ẹ̀rù náà dùn mọ́ ọn. Ó ti rí òkú, ó ti rí ilé tó jóná, ó ti rí olè tó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì rò pé kò sí ohun tó tún lè ya òun lẹ́nu. "Ọlọ́run tóbi o," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni mo rò pé ayé fẹ̀ mọ."

Bàbá bá a so ìdẹ mọ́ ìwọ̀. Ó ní kó jẹ́ kí okùn máa lọ. Okùn lọ títí ó fi rò pé kò ní tán. Nígbà tó yá, nǹkan kan fà á láti ìsàlẹ̀ tó ṣókùnkùn yẹn, ara Ìnsípẹ́kítọ̀ bù máṣọ. Ohun tó wà láàyè ni, níbi tí ojú èèyàn kò dé rí, ó sì ń bá a du okùn! Ó fà, apá ń ro ó, òógùn ń bọ́ sí i lójú. Ó kọ́kọ́ rí àmì funfun kékeré kan nísàlẹ̀ búlúù náà. Àmì náà tóbi sí i, ó di pupa, ó di ẹja.

Ojú ẹja náà ti yọ síta rọ̀mù. Ikùn rẹ̀ wú. Àpò náà ti yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Omi tó wà lórí rẹ̀ nísàlẹ̀ wúwo gan-an ni, ara rẹ̀ sì ti mọ́ ọn," Bàbá ṣàlàyé. "Bá a bá fà á sókè, ìwúwo yẹn kúrò, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú, á ti ojú rẹ̀ síta. Mi ò rí irú ẹja yìí kó ti ibí wá kí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ rí. Èyí tí wọ́n pa létí ilẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, òun ni ojú rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Bàbá," Jẹ́-n-wò-ó sọ, "wọ́n gbé ẹja yẹn wá láti ìgboro nínú kúlà tiwọn ni. Ẹ ò gbé Agbaṣẹ́ṣe débí. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni."

Bàbá yọ fìlà rẹ̀, ó fi bojú. Ìgbà yẹn gan-an ni omi la níwájú wọn, àbùùbùtán kan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó dúdú, ó ń dán, ó gùn ju ọkọ̀ wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó tú èémí sókè fòò, ó sì rọra wọ inú omi padà. Ọlọ́pàá tó ń bì gbàgbé láti bì. Ìnsípẹ́kítọ̀ rí i pé òun ti dìde dúró láìdi irin kankan mú, omijé sì ń bọ́ lójú òun. Wọ́n ń wo ibẹ̀ títí omi fi pa dé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n pe Ontáyà sí ọ́fíìsì èbúté pé kó wá kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú wá. Ẹja mẹ́ta wà lórí tábìlì, Bàbá àti ọmọ rẹ̀ dúró sídìí ògiri.

"Ẹ tún un sọ fún mi," Jẹ́-n-wò-ó sọ. "Níbo ni ẹ̀gbọ́n yín ti pa ẹja aṣọ búlúù?"

"Nínú agbami, mà. Mo ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ ti fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ẹja tí èmi náà pa níbẹ̀ láàárọ̀ yìí rèé. Ojú rẹ̀ yọ. Tiyín tó ní aṣọ pupa, ojú rẹ̀ yọ. Kí ló dé tí ti ẹ̀gbọ́n yín nìkan dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn?"

Ontáyà wo ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ẹja... ẹja ò rí bákan náà, mà."

"Èyí tó bá ti ibẹ̀ wá rí bákan náà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún yín. Ẹ̀gbọ́n yín béèrè yàrá ìsàlẹ̀, kí Bàbá lè gbà pé ibẹ̀ ló wà. Ó béèrè kúlà, kẹ́ ẹ lè fi gbé ẹja àtẹ wọlé. Ó ní òun ò fẹ́ òṣìṣẹ́, kí ojú kankan má baà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń rapo, torí ibẹ̀ ló ti máa sọ̀ kalẹ̀. Kò béèrè bóyá wọ́n máa rí ẹja pa, torí kò fẹ́ lọ pẹja. Nígbà tẹ́ ẹ dé agbami, ẹ ju fìlà àti bàtà sómi, ẹ figbe ta. Wọn kì í gbé òkú lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé, àbí?"

"Irọ́ ni! Kò sẹ́ni tó rí i kó sọ̀ kalẹ̀!"

"Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí i." Fóònù Ìnsípẹ́kítọ̀ dún; àwọn ọlọ́pàá tó rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ontáyà ló ń pè. Ó gbé e sétí. "Lókè ibi ìkó-táyà-sí? Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ mú òun náà bọ̀."

Ontáyà wá ibi jókòó sí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú Agbaṣẹ́ṣe wọlé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, aṣọ rẹ̀ ń rùn táyà. Ọlọ́pàá gbé igi gbọọrọ kan lé orí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ rọ̀ mọ́ ọn. Bàbá Elépo tó ti ń yọjú lójú fèrèsé kígbe ayọ̀ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù.

"Mo gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi," Agbaṣẹ́ṣe sọ. "Ìgbà tí mo dé ibi tí mo sá pamọ́ sí ni mo tó rí i. Mi ò sì lè dá a padà mọ́."

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá Atukọ̀ rìn lọ síwájú rẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé ó máa gbá a létí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì sómi nítorí yín," Bàbá sọ. "Mo fọwọ́ wá yín nínú òkùnkùn. Mo pariwo lábẹ́ omi, pé bóyá ẹ máa gbọ́."

Wọ́n kó Agbaṣẹ́ṣe àti àbúrò rẹ̀ jáde, òun láti lọ fojú ba ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé, àbúrò láti lọ dáhùn fún irọ́ tó fọwọ́ sí.

Nígbà tí ọ́fíìsì dákẹ́, ọmọbìnrin náà gbé ìwé ńlá náà kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Fún Ọjọ́bọ̀, Bàbá kọ ọ́ pé méjì lọ, méjì bọ̀. Ó wá ṣí i padà sí Ọjọ́rú. Ó wo iye náà pẹ́. Ó fa ìlà tó gún régé sórí "méjì" tó wà lábẹ́ "Iye tó lọ," ó sì kọ "ọ̀kan" sókè rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ.

"Ẹ wò ó, mà," Bàbá sọ fún Ìnsípẹ́kítọ̀.

Jẹ́-n-wò-ó tẹ̀ síwájú, ó sì wò ó. Ọ̀kan lọ, ọ̀kan bọ̀.